ÌSÌN ỌLỌ́RUN ÀTI ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ MÌÍRÀN

Ibi kíkà: Ìwé Kìn-ín-ní ti Àwọn Ọba, orí 8, ẹsẹ 41 sí 43, àti Sáàmù 67.



Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ti pín iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run sí ọ̀nà méjì nínú ọkàn rẹ̀. A gbà pé ìsìn jẹ́ ti gbogbo wa: kí a gbọ́ agogo, kí a wọ aṣọ tí ó mọ́, kí a kúnlẹ̀, kí a kọrin, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀, kí a sì padà sí ilé wa ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ti sísọ ìgbàgbọ́ wa fún àwọn ẹ̀yà mìíràn, a rò pé iṣẹ́ àwọn díẹ̀ ni, àwọn tí a yàn, tí a kọ́, tí a sì ń san owó iṣẹ́ fún. Lójú wa, odò méjì ni wọ́n, tí ọ̀kan ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, tí èkejì sì ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ṣí Májẹ̀mú Láéláé, a kò rí odò méjì níbẹ̀. Odò kan ṣoṣo ni, orísun rẹ̀ sì wà lẹ́bàá pẹpẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ rò ní oṣù yìí nìyí: ní Ísírẹ́lì àtijọ́, ìsìn tòótọ́ ni ó ń la ẹnu àwọn ènìyàn láti sọ ti Ọlọ́run fún àwọn orílẹ̀-èdè; nígbà tí ìsìn bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, ìsìn náà fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

I. PẸPẸ LÁÀRIN ÀWỌN ARÁ KÉNÁÁNÌ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ábúráhámù, ẹni tí a ń pè ní Ábúrámù nígbà náà. Ní orí 12 ìwé Jẹ́nẹ́sísì, Olúwa pè é kúrò ní ilé baba rẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun yóò bùkún fún un, àti pé nípasẹ̀ rẹ̀ ni ìbùkún yóò fi kan gbogbo ìdílé ayé. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ ìlérí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí Ìwé Mímọ́ sọ fún wa kì í ṣe odi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ààfin. Pẹpẹ ni. Ó mọ ọ̀kan ní Ṣékémù. Nígbà tí ó sì ṣí lọ sí agbede-méjì Bẹ́tẹ́lì àti Áì, ó tún mọ òmíràn níbẹ̀, ó sì ké pe orúkọ Olúwa.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó kọ ìtàn náà kò jẹ́ kí a gbàgbé ohun kan. Ó ní àwọn ará Kénáánì wà ní ilẹ̀ náà nígbà náà. Àárín àwọn ẹni tí kò mọ Olúwa ni Ábúrámù ti ń sìn ín. Kò dúró di ìgbà tí ilẹ̀ náà di tirẹ̀ kí ó tó kọrin. Òun gan-an ni àlejò níbẹ̀, àwọn ará Kénáánì ni onílẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ń kọjá lọ, tí ó rí èéfín ẹbọ rẹ̀, kò lè ṣàì bèèrè pé, Ta ni àjèjì yìí ń ké pè? Ìlérí náà wà fún gbogbo ìdílé ayé, ìdáhùn Ábúrámù sì ni ìsìn ní gbangba, níbi tí àwọn ìdílé ayé lè rí i.

II. ÀLEJÒ NÍNÚ ÀDÚRÀ SÓLÓMỌ́NÌ

Láti orí òkè Bẹ́tẹ́lì, ẹ jẹ́ kí a wá sí Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ ìyàsímímọ́ tẹ́mpìlì. Ọdún méje ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Igi kédárì ti Lẹ́bánónì ni a fi bo ògiri rẹ̀, wúrà sì ni a fi bo inú rẹ̀. Àwọn àlùfáà ti gbé àpótí ẹ̀rí wọlé. Àwọsánmà sì kún ilé Olúwa tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè dúró ṣe iṣẹ́ ìsìn wọn. Màlúù 22,000 àti àgùntàn 120,000 ni ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi rúbọ. Bí ọjọ́ kan bá wà tí ènìyàn lè gbàgbé àwọn ẹlòmíràn, tí ó sì lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run ti di tiwa nìkan, ọjọ́ náà ni.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni ọba kúnlẹ̀, tí ó na ọwọ́ rẹ̀ sí òkè ọ̀run, tí ó sì bẹ ẹ̀bẹ̀ méje. Ó bẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀ràn ìbúra láàrin ẹni méjì. Ó bẹ̀bẹ̀ nítorí ìgbà tí ọ̀tá bá ṣẹ́gun wọn. Ó bẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀dá, àti nítorí ìyàn àti àjàkálẹ̀-àrùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀bẹ̀ karùn-ún dé, níbẹ̀ ni àlejò sì gbé wọlé: ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá nítorí orúkọ Olúwa. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ yìí ni ọba tó mẹ́nu kan ogun àti ìgbèkùn. Kò fi àlejò sí ẹ̀yìn bí ẹni tí a rántí nígbà tí oúnjẹ ti tán. Àárín àwọn ọmọ ilé ni ó fi í sí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a rí nínú ẹ̀bẹ̀ yìí.

Èkíní, ọba sọ ìdí tí àlejò náà yóò fi wá. Yóò wá nítorí pé yóò ti gbọ́ òkìkí orúkọ Olúwa àti ti ọwọ́ agbára rẹ̀. Ǹjẹ́, báwo ni yóò ṣe gbọ́ bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un? Nítorí náà, nígbà tí Sólómọ́nì ń gbàdúrà fún ẹni tí yóò wá, ó ti fi iṣẹ́ lé ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Oníṣòwò, ońṣẹ́ ọba, atukọ̀ àti ẹrú, ẹnu wọn ni òkìkí náà yóò gbà dé òkèèrè.

Èkejì, ẹ wo bí ẹ̀bẹ̀ náà ti gbòòrò tó. Nígbà tí ọba ń bẹ̀bẹ̀ fún Ísírẹ́lì, léraléra ni ó ń sọ ti ẹ̀ṣẹ̀ wọn: bí wọ́n bá yí padà, bí wọ́n bá jẹ́wọ́, kí Olúwa dárí jì wọ́n, kí ó sì fi fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àlejò, ó ní kí Olúwa ṣe gbogbo ohun tí ó bá béèrè. Gbogbo rẹ̀! Ọmọ ilé mọ òfin, a ó sì fi òfin bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ó rìn jìnnà nítorí ohun tí ó gbọ́, kí ó má ṣe padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀kẹta, ó sọ ìdí tí òun fi bẹ ẹ̀bẹ̀ náà. Kì í ṣe kí ògo Jerúsálẹ́mù lè pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kí àlejò lè mú wúrà wá. Ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn ayé lè mọ orúkọ Olúwa, kí wọ́n sì lè bẹ̀rù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ísírẹ́lì ti bẹ̀rù rẹ̀. Kò ní kí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìbẹ̀rù kan náà, Ọlọ́run kan náà.

Ẹnì kan lè bi wá pé, Ṣé kì í ṣe òfin ni ó ya Ísírẹ́lì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn orílẹ̀-èdè? Òfin ni. Ṣùgbọ́n òrìṣà ni a ní kí wọ́n yàgò fún; a kò ní kí wọ́n fi Olúwa pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní orí 19 ìwé Ẹ́kísódù, Olúwa pè wọ́n ní ìjọba àlùfáà. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í yan àlùfáà nítorí ara rẹ̀? Nítorí àwọn tí ń bẹ lóde ni a fi yà á sọ́tọ̀. Ní orí 15 ìwé Númérì ẹ̀wẹ̀, a pàṣẹ pé òfin ìrúbọ kan ṣoṣo ni kí ó wà fún ọmọ ilẹ̀ àti fún àlejò tí ń bá wọn gbé.

Ó ṣe ni láàánú pé Sólómọ́nì tìkára rẹ̀ kò rìn nínú àdúrà rẹ̀ dé òpin. Orí 11 ìwé kan náà sọ bí ó ti kọ́ ibi gíga fún Kémóṣì àti fún Mólékì, òrìṣà àwọn aya rẹ̀. Ó ti gbàdúrà kí àwọn àjèjì lè wá sọ́dọ̀ Olúwa; nígbà tí ó di arúgbó, òun ni ó gbéra lọ sọ́dọ̀ òrìṣà àwọn àjèjì. Nígbà tí ìsìn rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀ àdúrà náà kò kú. Wòlíì Àìsáyà gbé e dìde ní orí 56, níbi tí Olúwa ti sọ pé ilé òun yóò jẹ́ ilé àdúrà fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí sì ni Olúwa wa Jésù rán àwọn olùtajà létí ní ọjọ́ tí ó lé wọn jáde kúrò nínú tẹ́mpìlì.

III. ORIN TÍ Ó KỌJÁ ÒGIRI TẸ́MPÌLÌ

Bí ó ti rí nínú àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú orin. Ní orí 6 ìwé Númérì, a pàṣẹ fún Áárónì àti àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọn yóò ti máa súre fún Ísírẹ́lì, pé kí Olúwa pa wọ́n mọ́, kí ojú rẹ̀ tàn sí wọn lára, kí ó sì fún wọn ní àlàáfíà. Ẹni tí ó kọ Sáàmù 67 mú ìre àlùfáà yìí, ó sì fi í ṣe orin ìjọ. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ níbi tí Áárónì ti dákẹ́. Bí ó ti béèrè ìbùkún tán ni ó sọ ìdí rẹ̀: kí ayé lè mọ bí Ọlọ́run ti ń ṣe, kí ìgbàlà rẹ̀ má sì ṣe fara sin fún orílẹ̀-èdè kankan.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlò èdè, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "kí ó lè." Lórí rẹ̀ ni gbogbo orin náà rọ̀ mọ́. Bùkún fún wa, kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá gba ìbùkún tí ó sì gé "kí ó lè" kúrò, ó ti gé orin náà sí méjì. Ní ìparí Sáàmù náà, a gbọ́ pé ilẹ̀ ti mú èso rẹ̀ jáde. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n rí ìkórè ni ń kọrin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń wo àká wọn, òpin ilẹ̀ ayé ni wọ́n ń rò.

Ìwé Kìn-ín-ní ti Kíróníkà, orí 16, sọ pé nígbà tí Dáfídì gbé àpótí ẹ̀rí sínú àgọ́ tí ó pa fún un, ó fi orin lé Ásáfù àti àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú orin náà sì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń kà ní Sáàmù 96 wà. Ọmọ Léfì ni àwọn akọrin yìí. Iwájú àpótí ẹ̀rí ni wọ́n dúró sí. Síbẹ̀, orin tí a fi sí wọn lẹ́nu ń pàṣẹ pé kí a ròyìn ògo Olúwa láàrin àwọn kèfèrí. Sáàmù 117 ńkọ́? Ẹsẹ méjì péré ni, kò sì sí èyí tí ó kúrú tó o nínú gbogbo ìwé náà. Ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n yin Olúwa nítorí pé àánú rẹ̀ sí wa pọ̀. Kí ni àánú tí a ṣe fún Ísírẹ́lì kan àwọn ẹlòmíràn sí? Ó kàn wọ́n gidigidi. Nígbà tí aláìsàn bá rí i pé oníṣègùn kan ti wo aládùúgbò òun sàn, ìrètí wọ inú òun náà, yóò sì béèrè ọ̀nà ilé oníṣègùn náà.

Ẹ̀yin ará, orin wọ̀nyí kò jìnnà sí wa. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662, èyí tí àwọn baba wa ń lò, fi Sáàmù 67 sí Àdúrà Ìrọ̀lẹ́, kí a lè lò ó ní ipò orin Síméónì. Ó fi Sáàmù 98 sí ipò orin Màríà, àti ní òwúrọ̀, ó fi Sáàmù 100 sí ipò orin Sakaráyà. Nínú ìsìn ìgbéyàwó pàápàá, Sáàmù 67 wà níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń pe gbogbo ayé. Ẹ wo iye ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu wa láti ìgbà èwe wa! Iṣẹ́ tí a rò pé a kò gbà rí, àwa tìkára wa ni a ti ń fi orin jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Àìsáyà gbọ́ ọ ní ọdún tí Ọba Ùsáyà kú. Inú tẹ́mpìlì ni ó wà nígbà tí ó rí Olúwa lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n orin àwọn séráfù kì í ṣe ti tẹ́mpìlì nìkan, nítorí wọ́n kéde pé gbogbo ayé ni ó kún fún ògo rẹ̀. Láti orí pẹpẹ ni a ti mú ẹ̀yín iná tí ó kan ètè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó gbọ́ ohùn tí ń wá ẹni tí a ó rán. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ rán an sí, wọ́n sì ṣe ọlọ́rùn líle sí i. Ṣùgbọ́n orí tí ó kẹ́yìn ìwé náà sọ ti àwọn tí Olúwa yóò rán lọ sí Táṣíṣì àti sí àwọn erékùṣù jíjìnnà, tí kò tí ì gbọ́ òkìkí rẹ̀ rí.

IV. ỌMỌDÉBÌNRIN TÍ A KÓ NÍ ÌGBÈKÙN

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, Ọba ni Sólómọ́nì, wòlíì ni Àìsáyà. Kí ni èmi lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé Námánì ará Síríà, nínú Ìwé Kejì ti Àwọn Ọba, orí 5. Ọmọdébìnrin kan ń bẹ níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun kó láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó di ìránṣẹ́ aya Námánì. A kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Kò ní pẹpẹ, kò ní àlùfáà, kò sí ẹni tí yóò bá a kọrin ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ó bá di kùnrùngbùn sí olúwa rẹ̀, tí ó sì yọ̀ nítorí ẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ta ni ìbá bá a wí?

Ṣùgbọ́n ohun tí a ti kọ́ ọ ní ilé kò fi í sílẹ̀. Ó sọ fún ìyá olóore rẹ̀ pé wòlíì kan ń bẹ ní Samáríà tí ó lè wo olúwa òun sàn. Àwọn baba wa wí pé, "Àjùmọ̀bí kò kan ti àánú." Ẹrú ni ó ṣàánú olówó rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ kan yìí ni Námánì fi wẹ̀ nígbà méje ní Jọ́dánì, tí ara rẹ̀ sì mọ́. Kí ni ó béèrè nígbà tí ó ń padà lọ? Erùpẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ẹrù ìbaaka méjì, nítorí pé kò ní rú ẹbọ sí ọlọ́run mìíràn mọ́ bí kò ṣe sí Olúwa. Láti inú ìsìn tí ọmọdé kan rántí, ìsìn titun bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Síríà. Èlíṣà kò sì gba ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kí àlejò náà má bàa rò pé ọjà ni oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Géhásì tí ó sáré tẹ̀ lé e láti gba owó àti aṣọ, ẹ̀tẹ̀ Námánì ni ó gbà mọ́ ọn.

V. ÌSÌN TÍ Ń ṢÀÌSÀN

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì rẹ̀. Jónà kì í ṣe kèfèrí, kì í sì í ṣe aláìmọ̀kan. Nígbà tí ó ń sá lọ sí Táṣíṣì nínú ọkọ̀ tí ó wọ̀ ní Jópà, tí ìjì sì dé, ó jẹ́wọ́ láìsí ìṣìnà pé òun ń sin Olúwa, ẹni tí ó dá òkun àti ìyàngbẹ ilẹ̀. Ìjẹ́wọ́ náà péye. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó lòdì sí i. Àwọn atukọ̀ kèfèrí ni ó gbé ìjẹ́wọ́ náà lé ọkàn: wọ́n rúbọ sí Olúwa, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Nínú ẹja, Jónà gba àdúrà tí ó dára, ó sì dárúkọ tẹ́mpìlì mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Nínéfè ronú pìwà dà, ẹ gbọ́ ohun tí ó bí i nínú. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run olóore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa, pé ó láàánú, àti pé kì í tètè bínú. Ọ̀rọ̀ ta ni èyí? Ọ̀rọ̀ tí Olúwa fi kéde orúkọ rẹ̀ fún Mósè ní orí òkè Sínáì ni, tí Ísírẹ́lì sì ń fi yìn ín nínú Sáàmù wọn. Jónà mọ ọ̀rọ̀ ìsìn náà láìku ẹyọ kan. Ó sì sọ ọ́ di ẹjọ́ tí ó pe Ọlọ́run. Ó fẹ́ àánú náà fún ara rẹ̀ nínú ikùn ẹja. Ó kọ̀ ọ́ fún Nínéfè. Olúwa sì bi í bóyá kò yẹ kí òun dá ìlú náà sí, níbi tí ènìyàn tí ó lé ní 120,000 wà tí wọn kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, àti ẹran ọ̀sìn púpọ̀. Ìwé náà parí sí orí ìbéèrè yìí. A kò gbọ́ ìdáhùn Jónà, bóyá kí olúkúlùkù tí ó bá kà á lè dáhùn fún ara rẹ̀.

Àwọn àlùfáà ìgbà wòlíì Málákì pẹ̀lú, ìsìn wọn kò dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó fọ́jú, tí ó yarọ, tí ó sì ń ṣàìsàn ni wọ́n fi ń rúbọ, wọ́n sì ń wí pé iṣẹ́ náà sú wọn. Olúwa ní ìbá sàn kí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn tẹ́mpìlì pa. Ibẹ̀ gan-an, ní orí kìn-ín-ní, ni ó ti sọ pé láti ìlà-oòrùn títí dé ìwọ̀ rẹ̀, orúkọ òun yóò tóbi láàrin àwọn kèfèrí. Ọlọ́run kò sọ ògo rẹ̀ nù nítorí ìsìn tí ó sú àwọn ọmọ ilé. Àwọn ọmọ ilé ni ó sọ ipò wọn nù.

VI. KÍ NI ÀWA YÓÒ ṢE?

Àwa ọmọ Yorùbá rí àpẹẹrẹ ọ̀nà yìí nínú ìtàn ìjọ wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa tí a ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kò parí sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Ní ọdún 1857 ó wọ ọkọ̀ gòkè Odò Ọya, iṣẹ́ ìhìnrere sì bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha. Ẹni tí ó ti kọ́ láti yin Ọlọ́run ní èdè ìyá rẹ̀ jókòó, ó kọ ìwé kíkà ní èdè Ìgbò àti ní èdè Tápà, kí àwọn náà lè yìn ín ní tiwọn.

Ǹjẹ́ ní ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Bí àlejò tí kò gbọ́ èdè wa bá wọlé ní ọjọ́ Ìsinmi, ǹjẹ́ ẹnì kan yóò ṣí ìwé fún un, tàbí a ó wí fún un pé kí ó dìde nítorí pé àga ẹgbẹ́ wa ni ó jókòó sí? Sólómọ́nì wá àyè fún un nínú àdúrà. Kí àwa má ṣe fi àyè dù ú lórí àga. Nígbà tí a bá ń bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí a dárúkọ àwọn tí a mọ̀ ní tòótọ́: Fúlàní tí ń da màlúù kọjá lẹ́yìn oko wa, Ìgbò tí ń tajà ní àdúgbò wa, Ẹ̀gùn tí ń bá wa ṣiṣẹ́. Ó ṣòro láti kórìíra ẹni tí a ń dárúkọ níwájú Ọlọ́run lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ìyá àti baba tí ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ láti ilẹ̀ mìíràn, ẹ ronú ilé Námánì. Níbẹ̀, ìránṣẹ́ ni ó fi Olúwa han olówó rẹ̀. Nínú ilé yín, ẹ̀yin ni ẹ mọ Olúwa. Ọmọ náà sì ń gbọ́ orin yín ní òwúrọ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn yín nígbà tí àwo bá fọ́. Èwo nínú méjèèjì ni yóò gbé padà lọ sí ìlú rẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi èdè rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ọwọ́ yín ni a fi í sí. Bí ó bá rí àánú lọ́dọ̀ yín, yóò béèrè ibi tí ẹ ti kọ́ ọ.

Wòlíì Èsékíẹ́lì, ní orí 47, rí omi tí ń ṣàn jáde láti abẹ́ ìloro tẹ́mpìlì, ní gúúsù pẹpẹ. Ní ẹnu-ọ̀nà, omi díẹ̀ ni. Nígbà tí a wọn ẹgbẹ̀rún ìgbọ̀nwọ́, ó dé kókósẹ̀. Ní ẹgbẹ̀rún kejì, ó dé orúnkún. Ní ẹ̀kẹta, ó dé ìbàdí. Ní ẹ̀kẹrin, ó di odò tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹsẹ̀ là kọjá. Bí ó ti ń jìnnà sí tẹ́mpìlì ni ó ń jìn sí i, ó sì wo omi òkun iyọ̀ sàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìsìn wa ti jìn tó, kí ó má ṣe wọ̀n ọ́n nínú ilé ìsìn nìkan. Kí ó jáde sí ìta, kí ó wọ̀n ọ́n ní ẹgbẹ̀rún ìgbọ̀nwọ́, ní ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ará wa.

Kí Ọlọ́run tí Ábúrámù ké pè láàrin àwọn àjèjì gba ìsìn wa, kí ó fọwọ́ kan ètè wa láti orí pẹpẹ rẹ̀, kí ó sì rán wa, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.